Èémí Inú Tírọ́tù Kẹta

Ohùn rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí, kí n tó rántí ohunkóhun mìíràn. Bí ènìyàn bá fi ẹnu rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí etí, tí ó sì na ẹnu kejì rọ́bà náà sí ibi tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ti ń fa afẹ́fẹ́, yóò gbọ́ ariwo kan tí kò ga tí kò sì rẹlẹ̀, bí ìgbà tí omi bá ń hó lábẹ́ ọmọrí. Ohun tí a fi ń mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì ń mí dáadáa nìyẹn. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti ń fetí sí ẹ́ńjìnnì báyìí, ti èmi àti ti àwọn ọ̀rẹ́ mi. Ọ̀kan ṣoṣo péré ni mo gbọ́ tí ó ń mí bí ènìyàn.

Bàrúwà ni mo ń gbé nígbà náà, ní yàrá kan àti pálọ̀ tó wà lẹ́yìn ilé Ìyá Onílé. Iṣẹ́ oṣù ni mo ń ṣe ní ọ́fíìsì kan ní Ìkẹjà. N kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, n kò tíì lọ́kọ, n kò sì ní ohun tí mo fẹ́ràn tó ọkọ̀ kékeré àlòkù kan tí mo fi owó tí mo tù jọ rà. Ọjọ́ Sátidé tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń lọ ṣe irun, abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ni èmi máa ń wà, tí gíríìsì á kún èékánná mi. Mo rò pé mo mọ ọkọ̀. Ohun tí mo mọ̀ gan-an ni fídíò tí mo ń wò lórí fóònù.

Nínú irú fídíò bẹ́ẹ̀ ni mo ti rí ohun tó gba oorun lójú mi. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ mi kò ní tọ́bò, ìyẹn ẹ̀rọ tó máa ń fi agbára ti afẹ́fẹ́ wọlé. Ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí ó bá lè fúnra rẹ̀ fà ni ó ń mu. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni sìlíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìyẹn ihò inú ẹ́ńjìnnì tí epo ti ń jó, sì ń gbà mu ún. Tírọ́tù ni wọ́n ń pe ilẹ̀kùn yìí. Ihò rìbìtì kan ni, tí irin pẹlẹbẹ kan dúró láàárín rẹ̀. Bí o bá tẹ iná, irin náà á yí, ihò á ṣí. Bí o bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, sípíríǹgì á dá a padà, ihò á tì. Àwọn ènìyàn inú fídíò yìí yọ tírọ́tù kan náà kúrò, wọ́n fi mẹ́rin síbẹ̀, kí sìlíńdà kọ̀ọ̀kan lè ní ọ̀nà ọ̀fun tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n tẹ iná, ọkọ̀ náà bú ramúramù débi pé mo gbé fóònù kúrò létí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fẹ́ ohùn yẹn, bí ọmọdé ṣe máa ń fẹ́ bàtà ọdún.

Bàbá mẹkáníìkì tó ń bá mi ṣe ọkọ̀ ní Ìgàndó kò rí ọgbọ́n kankan nínú rẹ̀. Àgbà ìjọ ni nínú ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun kan, ẹni tí kì í pariwo, tí ó máa ń bá ẹ́ńjìnnì sọ̀rọ̀ bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

"Ọmọ mi," ó ní, "kí ni tírọ́tù kan yìí fi ṣe ọ́?"

"Kò ṣe mí ní nǹkan kan, Bàbá. Mo kàn fẹ́ kó lè mí dáadáa ni."

"Ó ń mí. Èmi ni mò ń tún un ṣe, mo mọ̀ pé ó ń mí."

Ṣùgbọ́n mo yọ ọ́ lẹ́nu títí ó fi gbà. Ọgbà rẹ̀ kò láyè fún ọkọ̀ tí yóò wà ní títú fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, nítorí náà a gbé e sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Bàrúwà, òun á sì máa wá lọ́jọ́ Sátidé. Èmi fúnra mi ni mo wá tírọ́tù náà rí níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ àlòkù. Ara páwà báìkì ni wọ́n ti tú u, àwọn alùpùpù ńlá tó máa ń sáré bí afẹ́fẹ́. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lórí ìlà kan, wọ́n mọ́ tónítóní. Mo bi ẹni tó tà á pé níbo ló ti wá.

"Tòkunbọ̀ ni, sístà. Inú kọ̀ǹténà la ti yọ ọ́."

N kò bi í ní ìbéèrè kejì. Inú mi ti dùn jù.

Nítorí pé ihò ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ jìnnà síra ju ti alùpùpù lọ, Bàbá gé wọn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì ń tún wọn tò pẹ̀lú àlàfo láàárín. Wẹ́dà kan gé irin pẹlẹbẹ tí wọn yóò jókòó lé. Gbogbo èyí gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Láàárín Sátidé kan sí èkejì, orí tábìlì kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi ni mo máa ń to tírọ́tù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí, tí ẹnu wọn á kọjú sókè.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni mo gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tí kò bá tíì gbé ilé lọ́jọ́ iṣẹ́ rí kò lè mọ bí àdúgbò wa ṣe máa ń pa rọ́rọ́ ní ọ̀sán. Gbogbo ayálégbé ti lọ síbi iṣẹ́, àwọn ọmọ wà ní iléèwé, ìgbà ọyẹ́ sì ni, eruku bo ewé máńgòrò tó wà lẹ́yìn fẹ́ǹsì, oòrùn funfun bí ìgbà tí ènìyàn bá fi aṣọ bò ó lójú. Lọ́sàn-án Mọ́ńdè, mo jókòó sí pálọ̀, mo sì gbọ́ tí nǹkan ń mí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo jáde. Kò sí ẹnikẹ́ni. Tírọ́tù mẹ́ta tì pa bí mo ṣe fi wọ́n sílẹ̀. Èyí tó wà ní ipò kẹta ló ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Mo fi ìka tì í. Sípíríǹgì gbé e padà, ó ró "táì". Mo sọ fún ara mi pé atẹ́gùn ọyẹ́ ló ń gba inú rẹ̀ kọjá, mo sì wọlé. Bí ó ti ṣí ni n kò rò.

Ní àárọ̀ Túsídeè, Ìyá Onílé pè mí láti ojú fèrèsé rẹ̀. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ gbọ́ ju tèmi lọ.

"Àlejò wo ló sùn sọ́dọ̀ rẹ lọ́sàn-án àná?"

"Kò sí àlejò o, Mà."

"Mo gbọ́ tó ń mí, jàre. Èémí ọkùnrin ni. Ó ń mí bí ẹni tó sáré dé. Mi ò ní kó o má gbàlejò, àmọ́ kó máa wá kí mi kó tó wọlé."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, tírọ́tù kẹta tún ṣí. Mo mú okùn, mo so ó pa. Ojú tì mí bí mo ṣe ń so ó, bí ẹni ń de adìyẹ.

Ọjọ́ Wẹ́sídeè ni obìnrin náà dé. Ó kan géètì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó dúró, ó tún kàn án. Mo ṣí i díẹ̀, mo fi ara dí àlàfo náà. Ó tó ẹgbẹ́ mi, tàbí kó fi ọdún díẹ̀ jù mí lọ. Téèpù tí aránṣọ fi ń wọn ènìyàn ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, bàtà rẹ̀ kún fún eruku.

"Ẹ káàsán o. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ní ẹ́ńjìnnì tó ń dún níbí?"

"Ẹ káàsán. Kò sí ẹ́ńjìnnì tó ń dún níbí."

"Ó ń dún." Kò sọ ọ́ bí ẹni ń jiyàn. "Ọjọ́ kẹta rèé tí mo ti ń gbọ́ ọ. Láti Ìṣẹ̀rí ni mo ti ń gbọ́ ọ bọ̀."

"Ìṣẹ̀rí wo?"

"Ìṣẹ̀rí-Olófin."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò jáde. Láti Ìṣẹ̀rí-Olófin sí Bàrúwà, ọkọ̀ méjì ni ènìyàn máa ń wọ̀. Nígbà tó sì ń bá mi sọ̀rọ̀ yẹn, a kò tíì de tírọ́tù náà mọ́ ohunkóhun. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ mi wà ní títú. Ó ti ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí kò ti dún rárá.

Ó ní, "Ohùn báìkì àbúrò mi ni. Ṣé ẹ ra nǹkan kan lára báìkì, àbí?"

"Tòkunbọ̀ ni mo rà."

"Ó dáa. Àmọ́ ẹ lọ wo abẹ́ tírọ́tù ìkejì fún mi. Síkúrù kékeré kan wà níbẹ̀. Ó ní kí n fún òun ní kútẹ́ẹ̀sì tí mo fi ń kun èékánná, kí òun lè fi sàmì sí i, kí òun lè mọ̀ bó bá yí. Pupa ni." Ó fi ọwọ́ nu ojú. "Òjò tó kọjá yìí ni ó kú lórí báìkì náà. Ó pè mí láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó ní, 'Àǹtí mi, báìkì yìí ti ń ṣe bákan. Bí mo bá dẹ iná, nígbà mìíràn kì í padà.' Mo ní kó gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ó ní tó bá di Sátidé."

 Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́."

"Gbogbo ẹni tó wá síbi ìsìnkú ló ń bi mí pé kí ló dé tí kò pa ẹ́ńjìnnì. Bọ́tìnì kan péré ni, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtàǹpàkò rẹ̀. Bíréèkì ló ń tẹ̀. Wọ́n rí ojú bíréèkì lórí títì, ó gùn." Ó wá gbójú sókè wò mí. "Bí tiyín náà bá kọ̀ tí kò padà, ẹ má wo bíréèkì. Ẹ pa á. Ẹ ṣáà pa á."

Ó júwe ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fún mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń lọ ata. Ó ní bí mo bá béèrè aránṣọ tó ń rán aṣọ iléèwé, ẹnikẹ́ni á fi òun hàn mí. Lẹ́yìn náà ó yí padà, ó sì lọ. Mo ti géètì. Mo lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo gbé tírọ́tù kejì, mo dojú rẹ̀ bolẹ̀. Síkúrù kékeré kan wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ẹ̀kán kútẹ́ẹ̀sì pupa wà lórí rẹ̀, ó ti gbẹ, ó ti sán díẹ̀ létí. 

Ẹ ó rò pé mo kó wọn dà nù lọ́jọ́ náà. N kò ṣe bẹ́ẹ̀. Kó tó di alẹ́ mo ti rí àlàyé fún un. Ẹni tó ta tírọ́tù fún mi ti purọ́, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnì kan ti rí i nígbà tí mo ń gbé e bọ̀, ó ti lọ sọ fún obìnrin náà. Ìbànújẹ́ sì máa ń jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ nǹkan. Irú àlàyé tí ọmọ tó kàwé máa ń rí kíákíá nìyẹn. Ohun tó wà lọ́kàn mi gan-an ni pé ó ku ọjọ́ mẹ́ta péré kí n gbọ́ ohùn tí mo ń fẹ́.

Nígbà tí Bàbá dé ní Sátidé, mo sọ ọ́ fún un bí ẹni ń sọ àwàdà. Kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sórí táyà, ó sì fi sípánà sílẹ̀.

"Jẹ́ ká dá tírọ́tù rẹ àtijọ́ padà síbẹ̀, ọmọ mi."

"Bàbá, ẹ̀yin náà! Ta ni kò ní kútẹ́ẹ̀sì pupa?"

"Kì í ṣe kútẹ́ẹ̀sì ni mò ń sọ. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ rin ìrìn láti Ìṣẹ̀rí wá kìlọ̀ fún ọ."

Mo bẹ̀ ẹ́, mo tún bínú, mo ní bí kò bá ṣe é èmi á wá ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún, mo rí i lójú rẹ̀. Ó dìde. Ó fi bẹntiróòlù fọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan sí i, ó pààrọ̀ sípíríǹgì wọn, ó ṣí ẹ̀kẹta ó sì tì í bí ogún ìgbà, gbogbo rẹ̀ ló padà geere. Àárọ̀ ni, òtútù ọyẹ́ ṣì mú irin náà. Ó gbàdúrà kúkúrú kan wúyẹ́wúyẹ́, a sì dè wọ́n mọ́ ẹ́ńjìnnì. Rìwáyà tó máa ń ṣe wáyà iná ọkọ̀ fún un wá ní ọ̀sán láti so ọpọlọ tuntun, ìyẹn kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí ẹ́ńjìnnì, pọ̀ mọ́ ọn, ó sì lọ.

Nígbà tí mo yí kọ́kọ́rọ́, ó gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Háà! N kò ní purọ́, inú mi dùn débi pé mo pariwo. Ohùn rẹ̀ kún gbogbo ẹ̀yìnkùlé, páánù òrùlé ń gbọ̀n, Ìyá Onílé yọ orí lójú fèrèsé ó sì di etí. Ohun tó kù ni láti mú kí ọ̀fun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa fa afẹ́fẹ́ ní ìwọ̀n kan náà. Iṣẹ́ rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn nìyẹn. Bàbá fi í sí etí, ó fetí sí àkọ́kọ́, ó yí síkúrù díẹ̀. Ó fetí sí ìkejì. Nígbà tó dé ẹ̀kẹta, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yọ rọ́bà náà létí, ó nà án sí mi.

Mo fi í sí etí. Ariwo omi híhó yẹn wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò dúró lójú kan. Ó ń wọlé, ó ń jáde. Ẹ́ńjìnnì kì í mí síta láti ibẹ̀. Wíwọlé nìkan ni afẹ́fẹ́ máa ń wọlé. Èyí ń wọlé, ó ń jáde, kíákíá, bí èémí ẹni tí àyà rẹ̀ ń já. Lábẹ́ rẹ̀, nǹkan kan wà tí kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ó dà bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀, tí èémí rẹ̀ kò sì tó o sọ.

Mo pa ẹ́ńjìnnì. Àwa méjèèjì kò wo ojú ara wa.

Bàbá ní, "Má gbé e jáde lọ́la. Dúró dè mí. Bí mo bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, a jọ máa yẹ̀ ẹ́ wò." Mo ní mo ti gbọ́.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, Sọ́ńdè, ni mo gbé e jáde.  Oòrùn ti là, títì dá nítorí pé gbogbo ènìyàn wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì sọ fún ara mi pé mi ò ní kọjá Ìpájà. Ìdajì wákàtí àkọ́kọ́ dùn bí oyin. Mo tẹ iná, ọkọ̀ bú. Mo dẹ ẹ́, ó dákẹ́. Ẹ́ńjìnnì ti gbóná dáadáa nígbà tí mo yí padà sílé. Níbi tí títì ti na gbọọrọ, mo tẹ iná kanlẹ̀ fún ìgbà ìkẹyìn kí n tó wọ àdúgbò wa.

Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò. Ohùn náà kò rọlẹ̀.

Mo tún gbé ẹsẹ̀ sókè pátápátá, bí ẹni pé kò dá mi lójú pé mo ti gbé e. Ọkọ̀ ń lọ, ó ń yára sí i. Mo tẹ bíréèkì. Ohun tí n kò rántí rò ni pé afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń fà ló ń ran bíréèkì ọkọ̀ lọ́wọ́; bí tírọ́tù bá ṣí sílẹ̀ tí kò tì, ìrànlọ́wọ́ yẹn á lọ. Bíréèkì le bí òkúta lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mo fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ̀ ẹ́. N kò rántí kílọ́ọ̀ṣì, n kò rántí jíà. Nígbà náà ni mo rí wọn níwájú. Ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun kan ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, àwọn obìnrin àti ọmọdé ń sọdá títì láìwọ bàtà, funfun báláú nínú eruku ọyẹ́. Wọ́n ń kọrin. Kò sí ẹni tó wo ọ̀dọ̀ mi.

Ẹsẹ̀ mi kò kúrò lórí bíréèkì. Bíréèkì ni mo ń tẹ̀, bíréèkì ni mò ń wò, ó dà bí ẹni pé kò sí nǹkan mìíràn nínú ọkọ̀ náà. Mo sì gbọ́ ọ. Kì í ṣe inú orí mi, n kò gbà pé inú orí mi ni. Láti iwájú ni, láti abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, láàárín ariwo yẹn. Ohùn ọkùnrin, ọ̀dọ́kùnrin tí èémí rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

"Pa á."

Ọwọ́ mi ló gbọ́, kì í ṣe èmi. Ó yí kọ́kọ́rọ́. Ariwo gé lójijì, ọkọ̀ fa ara rẹ̀ sẹ́yìn, ó já síbi iyanrìn ẹ̀gbẹ́ títì, ó dúró. Ẹsẹ̀ bíi mẹ́rin ló wà láàárín èmi àti ọmọbìnrin kékeré kan tó gbé abẹ́là dání. Ìyá àgbàlagbà kan nínú aṣọ funfun sáré wá, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lu bọ́nẹ́ẹ̀tì mi.

"Ṣé orí rẹ pé ṣá? O fẹ́ pa wá ni?"

 Ó wo ojú mi, ìbínú rẹ̀ rọlẹ̀, ó sì ṣí ilẹ̀kùn, ó gbá mi mọ́ra.  Ẹ́ńjìnnì ti kú, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi, síbẹ̀ mo ṣì ń gbọ́ ọ, wíwọlé àti jíjáde, ó ń fà díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọ̀kan gígùn jáde, bí ìgbà tí ènìyàn bá sọ ẹrù kalẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí nǹkan kan mọ́.

Ìyá náà wo bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wò mí. "Ta ló wà níbẹ̀ yẹn?" ó bi mí.

Mo pe Bàbá lórí fóònù, ó wá bá wa níbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lára rẹ̀. Kò bú mi. Ì bá sàn fún mi ká ní ó bú mi. Lọ́jọ́ kejì ó tú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó gba àárín ẹ̀kẹta kọjá hàn mí. Ó ti tẹ̀ díẹ̀, ó ku díẹ̀ kí ojú má rí i. Bí ó bá tutù, á máa lọ, á máa bọ̀. Bí ó bá gbóná, á há.

Ó ní, "Bó ṣe há yé mi. Oòrùn ọ̀sán máa ń mú un lórí tábìlì, á gbóná, á há. Ẹni tó kọ́kọ́ ń ṣí i ni kò yé mi."

Lọ́jọ́ náà gan-an, mo kó tírọ́tù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú àpò, mo gbé e lọ sí Ìṣẹ̀rí-Olófin. Ṣọ́ọ̀bù náà wà níbi tó júwe. Aṣọ iléèwé aláwọ̀ búlúù kún ibẹ̀ láti òkè délẹ̀. Nígbà tó rí mi, kò béèrè ohun tí mo gbé. Ó dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró, ó sì ní kí n jókòó.

"Ó ti dákẹ́," ó ní. "Àárọ̀ àná. A wà lórí orin nínú ṣọ́ọ̀ṣì, mo kàn gbọ́ ọ tó mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Látìgbà náà, mi ò gbọ́ ọ mọ́."

Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un, títí dé orí ọ̀rọ̀ kan tí mo gbọ́ yẹn. Ó gbọ́ ọ láì mira. Lẹ́yìn náà ó sorí kọ́, ó sì sunkún, ṣùgbọ́n kò sun ún bí ẹni tí nǹkan burúkú ṣẹlẹ̀ sí.

"Ó wá mọ̀ ọ́n," ó ní. "Ó wá rántí."

Ó ti tó ọdún mélòó kan. Tírọ́tù kan ṣoṣo ni mo fi wa ọkọ̀ náà títí mo fi tà á. Ẹ̀gbẹ́dá ni mo ń gbé báyìí, mo ti lọ́kọ, mo ti bímọ kan. Mo ti sọ ìtàn yìí fún ènìyàn púpọ̀. Àwọn kan ní ẹ̀rù ló ń bà mí, pé ẹni tí ẹ̀rù bá bà máa ń gbọ́ ohun tó bá fẹ́ gbọ́. Àwọn kan sọ ohun tó ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n ní kí n lọ gbàdúrà. N kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ọmọbìnrin kékeré tó gbé abẹ́là yẹn á ti di ọmọge báyìí, ìyẹn sì tó fún mi.

Ohun tó máa ń dùn mí jù kì í ṣe pé mo gbé ọkọ̀ jáde. Ó jẹ́ pé ènìyàn wọ ọkọ̀ méjì nínú ọ̀sán wá bá mi nítorí kí n má baà kú, inú eruku ló dúró, mo sì gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ láì bi í ní ohun tó yẹ kí n kọ́kọ́ bi í. Lọ́dún tó kọjá, mo gbé aṣọ iléèwé ọmọ mi lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ fún rírán. A sọ̀rọ̀ títí. Kí n tó dìde ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bi í pé kí ni orúkọ àbúrò rẹ̀.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí aṣọ. Ó pe orúkọ náà fún mi. Lẹ́yìn náà ó tún pè é lẹ́ẹ̀kejì, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó sì ní ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bi òun.